Ẹ̀ẹ̀mẹrin pé, ẹsẹ̀ tún ń yẹ̀: àkọsílẹ̀ ọmọ ajá kan tó ń dàgbà

Abo ni ọmọ ajá yìí, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé lọ́sẹ̀ 8 nígbà tí wọ́n mú un wálé, ó sì wà lára àwọn ajá kéékèèké yẹn tó jẹ́ pé tí wọ́n bá dàgbà dàgbà, agbára káká ni wọ́n á fi wọn kílò 3. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé e sórí ìwọ̀n, gíráàmù 780 ni. Àtẹ́lẹwọ́ mi méjèèjì gbà á, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan péré ló ń mì dirodiro níta. Ojú ẹ̀ mọ́, etí ẹ̀ mọ́, ó ń já mi níka jẹ, kò sí nǹkankan tó ṣe é. Dókítà gún un lábẹ́rẹ́ àjẹsára, mo kọ déètì èyí tó kàn sínú káàdì, wọ́n gbé e, wọ́n lọ.

Ẹnikẹ́ni nínú wa ò béèrè bó ṣe ń jẹun.

Nọ́ọ̀sì ẹranko ni mí, èmi kọ́ ni dókítà. Iṣẹ́ tèmi ni kí n wọ̀n wọ́n, kí n gba ìtàn lẹ́nu ẹni tó ni wọ́n, kí n ṣàlàyé bí wọ́n ṣe máa tọ́jú wọn nílé, kí n sì máa pè lórí fóònù lẹ́yìn tí wọ́n bá ti lọ. Torí náà ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wọ́ lẹ́ẹ̀kejì, èmi ni mo fà á, màá sì sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ẹni mẹ́rin ló wà nínú ilé yẹn. Ìyá àti bàbá ń jáde lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, wọn kì í wọlé títí di ìrọ̀lẹ́. Ọmọkùnrin wọn, ọmọ ọdún 13, òun ló máa ń kọ́kọ́ dé láti ilé ìwé, nǹkan bí aago 2 kọjá. Àbúrò ẹ̀ obìnrin ṣì kéré. Ẹni tí wọ́n ti ra ajá náà ti sọ fún wọn pé ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ lòun ń fún wọn lóúnjẹ, ó sì dùn mọ́ wọn nínú torí ẹ̀ẹ̀mejì gan-an ni ààyè wọn gbà, aago 7 àárọ̀ kí wọ́n tó jáde àti aago 7 alẹ́ tí gbogbo ilé bá ti pé. Wọ́n tún gbọ́ níbìkan pé tí ajá ò bá jẹ oúnjẹ ẹ̀ tán ní ogún ìṣẹ́jú kí wọ́n gbé abọ́ kúrò, kó lè mọ̀ pé oúnjẹ lákòókò. Fún ajá tó ti dàgbà, mi ò rí aburú nínú ìyẹn. Fún gíráàmù 780 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lábẹ́ ìyá ẹ̀, ọ̀rọ̀ míì ni.

Ohun tó wá ṣẹlẹ̀ ni pé láàárọ̀, ọmọ ajá á kàn gbóòórùn oúnjẹ, á jẹ bí ẹyọ mẹ́ta mẹ́rin, á bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, á máa wá àwọn tí wọ́n jọ ń sùn. Ogún ìṣẹ́jú pé, wọ́n gbé abọ́. Ó wà bẹ́ẹ̀ títí di alẹ́. Tó bá di alẹ́, á wá bo abọ́ bí ẹni pé wọ́n ń lé e, kò ní jẹ ẹ́ lẹ́nu, gbígbé ló ń gbé e mì, ikùn á wá yọ róbótó bíi bọ́ọ̀lù. Wọ́n sì ti pa oúnjẹ tó ń jẹ tẹ́lẹ̀ tì láti ọjọ́ kìíní, wọ́n ra òmíràn tí wọ́n gbọ́ pé ó dáa jù, wọn ò po méjèèjì pọ̀ rárá. Ó yẹ kéèyàn fi bí ọjọ́ 7 sí 10 pa oúnjẹ dà, tuntun díẹ̀ sínú ti àtijọ́, kó máa pọ̀ sí i lójoojúmọ́. Àwọn ò mọ̀, mi ò sì sọ fún wọn.

Ní ọjọ́ kẹrin, ìgbẹ́ gbuuru dé. Ìyá ilé, èèyàn jẹ́jẹ́ tó fẹ́ràn ajá yẹn bí ẹní fẹ́ràn ọmọ, rò ó pé kí inú ẹ̀ sinmi. Àgbàlagbà ajá tí inú ẹ̀ ń ṣí, ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gba oúnjẹ lọ́wọ́ ẹ̀ fún ọjọ́ kan, ó sì máa ń ràn án lọ́wọ́. Torí náà kò fún un lóúnjẹ alẹ́ ọjọ́ yẹn. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀: ìgbà tí nǹkan kàn án lẹ́nu gbẹ̀yìn ni ẹyọ mẹ́ta mẹ́rin ti aago 7 àárọ̀.

Ó ku ogún ìṣẹ́jú kí aago 7 lù lọ́jọ́ kejì tí fóònù wa dún. Ohùn ìyá náà ń gbọ̀n. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ó ti ń lọ o, orí ẹ̀ kọ́ lọ́rùn, ojú ẹ̀ là sílẹ̀ kò rí mi." Mo ní ṣé ó ń mí, ó ní ó ń mí. Mo ní ṣé ó ń jà pìtìpìtì, ó ní ẹsẹ̀ ẹ̀ ń na gan-an bí ọmọ tí gìrì mú. Mo ní mà, ẹ ní oyin nílé, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní kó fi ìka bù ú, kó fi pa á ní èrìgì àti abẹ́ ètè, kó má da ohunkóhun sí i lọ́nà ọ̀fun torí ẹni tí kò lè gbé nǹkan mì, inú ẹ̀dọ̀fóró ni nǹkan ọ̀hún máa gbà lọ, kó sì ṣọ́ra kó má baà gé e jẹ. Kó fi aṣọ tó móoru wé e, kó máa bọ̀. Kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa, ó ti ń gbé orí díẹ̀.

Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ jẹ́ 34 lórí ẹ̀rọ wa, èyí tó yẹ kó wà lókè 60. Ara ẹ̀ tutù. Dókítà ta glúkóòsì sí i níṣan, omi díẹ̀díẹ̀ tẹ̀ lé e, kò pẹ́ tó fi gbé ojú sókè tó ń wá ẹni tó máa já jẹ. Àwọn tó ti rí i rí á mọ ohun tí mò ń wí, ó dà bí ìgbà tí wọ́n tan iná. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìṣe, wọ́n á ní ó ti gbádùn, wọ́n á gbé e lọ sílé, ó sì tún máa ṣubú, torí ṣúgà yẹn kì í pẹ́ tán. Oúnjẹ gidi ló gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e.

Ìdí tó fi ń ṣe irú àwọn ọmọ ajá kékeré báyìí kò ṣòroó lóye. Inú ẹ̀dọ̀ ni ara máa ń tọ́jú ṣúgà sí de ìgbà tí oúnjẹ ò bá sí. Ẹ̀dọ̀ ajá tó ti dàgbà lè gbé e di ọjọ́ kejì, kódà tí ti ẹ̀dọ̀ bá tán, ara ẹ̀ mọ bó ṣe máa ṣe òmíràn látinú ọ̀rá àti ẹran ara. Ọmọ ajá kékeré, ẹ̀dọ̀ ẹ̀ kéré, ọ̀rá ò sí, ẹran ara ò pọ̀, ọgbọ́n kó ṣe ṣúgà fúnra ẹ̀ ò tíì gbó, bẹ́ẹ̀ ọpọlọ ń jẹ ṣúgà lọ ní tiẹ̀ kò dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹ wá fi òtútù kún un, ẹ fi ìgbẹ́ gbuuru kún un, ẹ fi wàhálà ilé tuntun kún un. Àwọn irú Chihuahua àti Yorkshire Terrier lẹ máa rí i jù lára wọn.

A ṣe àyẹ̀wò parvo, àrùn tó máa ń fa ìgbẹ́ gbuuru tó sì ń pa ọmọ ajá, kò sí níbẹ̀, ọpẹ́ ni. A wo ìgbẹ́ ẹ̀ lábẹ́ máíkúrósíkóòpù, ẹyin aràn kún un fọ́fọ́, aràn gígùn tó máa ń wà lára ọmọ ajá yẹn. Ó ya ìyá ilé lẹ́nu pé ajá tí kò tíì fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ ìta rí ló ní aràn, mo ní mà, láti inú oyún ló ti ń gbà á, ó tún ń bá wàrà ọmú wọlé. Wọ́n fún un lóògùn, a ní kó tún un lò ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì, tó bá yá kó di oṣooṣù. Mo dárúkọ ọ̀rọ̀ aràn torí àwọn kan á gbọ́ ìtàn yìí wọ́n á ní oúnjẹ nìkan ni. Kì í ṣe oúnjẹ nìkan, ẹni méjì ló ń jẹ nínú abọ́ kan.

Mo wá pe ẹni tó ta ajá náà. Mo fẹ́ bá a jà, kí n má purọ́. Mo ní ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tẹ́ ẹ fi ní kí wọ́n máa fún ọmọ ọ̀sẹ̀ 8 lóúnjẹ lẹ́ẹ̀mejì? Ó ní ẹ̀ẹ̀mejì lòun ń fún wọn lóòótọ́. Mo ní ó dáa, ẹ sọ bẹ́ ẹ ṣe ń ṣe é fún mi láti àárọ̀. Ó ní láàárọ̀ òun á bu abọ́ ńlá kún fún gbogbo wọn, wọ́n á máa jẹ ẹ́ wọ́n á máa lọ wọ́n á máa bọ̀, tó bá di ìrọ̀lẹ́ òun á wò ó, òun á tún bu kún un. Mo ní ṣé abọ́ yẹn máa ń ṣófo? Ó ní rárá o, kì í ṣófo láé.

Mo jókòó. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọkùnrin yẹn ń bu oúnjẹ, àwọn ọmọ ajá ń jẹ ẹ́ bóyá lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, òru náà wà níbẹ̀. Ó dé ilé tuntun, "ẹ̀ẹ̀mejì" yẹn di ẹ̀ẹ̀mejì tí abọ́ ń wà nílẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú. Ọ̀rọ̀ kan náà ni o. Kò sí ẹni tó purọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Tẹ́ ẹ bá rò pé mo ti kọ́gbọ́n níbẹ̀, ẹ dúró ná.

Kí wọ́n tó gbé e lọ sílé, mo jókòó ṣírò fún wọn. Ìṣirò tá a máa ń lò ni ká fi 70 sọ ìwọ̀n ajá ní kílò di púpọ̀ lẹ́yìn tá a bá ti gbé kílò yẹn sí agbára 0.75, ìyẹn ni kálórì tí ara ń jẹ tó bá kàn sùn sílẹ̀, ọmọ ajá tí kò tíì pé oṣù 4 á gba bí ìlọ́po 3 ẹ̀, lẹ́yìn ìyẹn títí á fi dàgbà á sún mọ́ ìlọ́po 2. Ti ọmọ ajá yìí jẹ́ nǹkan bíi kálórì 174 lójúmọ́. Oúnjẹ gbígbẹ tí wọ́n ń lò, wọ́n kọ ọ́ sẹ́yìn àpò pé kálórì 3,800 ló wà nínú kílò kan, torí náà gíráàmù 46. Ibẹ̀rẹ̀ nìyẹn ṣá, kì í ṣe òfin, ara ajá fúnra ẹ̀ ló máa sọ èyí tó kù. Mo wá mú bírò, mo kọ ọ́ gàdàgbà sórí ìwé: gíráàmù 46 lójúmọ́, kí ẹ pín in sí ọ̀nà mẹ́rin. Mo fa ìlà sábẹ́ mẹ́rin lẹ́ẹ̀mejì. Inú mi dùn sí ìwé yẹn.

Ọjọ́ karùn-ún lẹ́yìn ìyẹn, ìyá náà pè láàárọ̀ kùtù. Kò sunkún tó ti àkọ́kọ́, ó ti mọ nǹkan tó máa ṣe, ó ti fi oyin pa á lẹ́nu. Ó ní ó jí, ó ń rìn bí ọ̀mùtí, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ń yẹ̀, ó lọ forí sọ ẹsẹ̀ tábìlì. Ó ní "àǹtí, gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ la ṣe o, ẹ̀ẹ̀mẹrin, a ò yẹ ọjọ́ kankan." Mo ní mà, aago mélòó àti mélòó? Ó ní aago 6 àbọ̀ àárọ̀ kóun tó jáde. Ọmọ òun á fún un ní aago 2 kọjá tó bá ti dé. Òun á fún un ní aago 5 tóun bá wọlé. Aago 8 alẹ́ ni ìkẹrin.

Mo mú ìwé kan, mo fa ìlà gígùn kan sí i, mo pín in sí wákàtí 24, mo fi àmì sí ibi mẹ́rin yẹn. Ẹ gbìyànjú ẹ̀ wò, ẹ máa rí ohun tí mo rí. Láti aago 2 sí aago 8, oúnjẹ mẹ́ta ti wọlé láàárín wákàtí mẹ́fà. Láti aago 8 alẹ́ sí aago 6 àbọ̀ àárọ̀, wákàtí mẹ́wàá àbọ̀, òfìfo. Láti aago 6 àbọ̀ sí aago 2 kọjá, ó ń lọ sí wákàtí mẹ́jọ, òfìfo. Wọ́n ṣe ohun tí mo ní kí wọ́n ṣe. Ẹ̀ẹ̀mẹrin pé pérépéré. Èmi ni mo fún wọn ní oǹkà nígbà tó jẹ́ pé àlàfo ló ń dà á láàmú.

Ojú tì mí, mo sọ fún un bẹ́ẹ̀. Mo ní mà, ẹ má bínú, ìwé mi ni kò pé. Obìnrin yẹn ní "kò burú, ó kúkú wà láàyè," ó wá bi mí pé ṣé òun á máa jí lóru ni. Ìbéèrè tó tọ̀nà nìyẹn, ó yẹ kémi ti bi í kóun tó bi mí.

Èmi àti dókítà jókòó lé e, a wá yí ètò náà dà láti ìdí. A ò bẹ̀rẹ̀ látorí iye ìgbà mọ́, orí oorun la ti bẹ̀rẹ̀: ta ló máa ń pẹ́ sùn jù nínú ilé yẹn? Bàbá ni, bọ́ọ̀lù ló máa ń wò títí aago 11. Ó dáa, ti aago 11 alẹ́ di tiẹ̀. Ta ló máa ń kọ́kọ́ jí? Ìyá, aago 6. Àlàfo òru ti di wákàtí méje nìyẹn, fún ọmọ ajá tó ti pé ọ̀sẹ̀ 9 tí inú ẹ̀ ti ń balẹ̀, ó ṣeé gbà. Ó ku ọ̀sán. Wọ́n ra ẹ̀rọ kékeré kan tó máa ń da oúnjẹ sílẹ̀ tí aago bá lù, èyí tó kéré jù tó lè dà lẹ́ẹ̀kan jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 10. A yàn án sí aago 10 àbọ̀. Ọmọkùnrin gba aago 2 àbọ̀, ìyá gba aago 6 àbọ̀ ìrọ̀lẹ́. Ẹ kà á, márùn-ún ni. Dókítà ní kó máa jẹ́ márùn-ún fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ná nítorí ohun tójú ẹ̀ ti rí, lẹ́yìn náà kó padà sí mẹ́rin.

Ẹ̀rọ yẹn fẹ́ẹ̀ dá gbogbo ẹ̀ rú. Ó máa ń ké "gììrr" kó tó da oúnjẹ, ọmọ ajá sì gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, ó sá wọ abẹ́ àga, kò jáde títí ọmọkùnrin fi dé. Ọjọ́ méjì tẹ̀ léra wọn, wọ́n bá oúnjẹ aago 10 àbọ̀ nílẹ̀ bó ṣe wà. Tó bá jẹ́ pé wọ́n kàn wo ara ẹ̀rọ, wọ́n á ní ó ti ṣiṣẹ́. Ìdí tá a fi mọ̀ ni pé mo ní kí ẹni tó bá kọ́kọ́ wọlé ya fọ́tò abọ́ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ohun tó yanjú ẹ̀ ni ti òpin ọ̀sẹ̀, wọ́n jókòó ti ẹ̀rọ náà, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ kó máa ké láìda nǹkankan, bó bá ti ké, ọmọbìnrin kékeré á ju ẹyọ oúnjẹ kan síwájú ajá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ìkangun yàrá kejì, wọ́n ń sún mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀. Kí ọjọ́ Mọ́ńdè tó pé, tí ẹ̀rọ bá ti ké "gììrr", òun ló ń sáré wá.

Láti ìgbà náà, ẹsẹ̀ ò yẹ̀ mọ́. Ó wọ ọ̀sẹ̀ 10 pẹ̀lú gíráàmù 850.

Wàhálà tó kàn wá láti inú ìfẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ 11 ìgbẹ́ tún rọ̀, kì í ṣe gbuuru o, ó kàn rọ̀ tí kò ṣeé kó, ó sì ti fò lọ sí gíráàmù 1,060. Ìyá ní bóyá aràn ni. A wò ó, aràn ti lọ. Mo ní kí gbogbo ilé kọ ohun tí kálukú ń fún un sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì, kí wọ́n má tan ara wọn jẹ. Ìwé náà dé, ẹ̀rín pa mí. Ọmọkùnrin ń fi ẹ̀kún ọwọ́ kan lé ti aago 2 àbọ̀ torí lójú tiẹ̀ ti ẹ̀rọ kéré jù. Bàbá ń fún un nílọ̀ọ́po méjì ní aago 11, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé "ó ń wò mí lójú." Ọmọbìnrin kékeré ní bísíkíìtì ajá lápò aṣọ sùn. Gbogbo ẹ̀ papọ̀, ó sún mọ́ gíráàmù 90, nígbà tó yẹ kó wà ní nǹkan bíi 58. Ẹ̀rù tó bà wọ́n láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ò tíì kúrò lára wọn, ebi ni wọ́n ń sá fún. Ẹni tó bá ti rí ọmọ ajá nínú gìrì rí kò ní bá wọn wí.

Ohun tá a ṣe ò ju ike kan onídèérí lọ. Láàárọ̀, ìyá á wọn oúnjẹ ọjọ́ yẹn lórí ìwọ̀n ilé ìdáná, ní gíráàmù, kì í ṣe ife, torí ife kan àti ife kejì kì í dọ́gba láyé, á yọ ti ẹ̀rọ sínú ẹ̀rọ, á da ìyókù sínú ike. Ẹni tó bá fẹ́ fún un, inú ike yẹn ni kó ti bu, kódà tó bá jẹ́ láti fi kọ́ ọ níjòókòó. Tí ike bá ti tán, ó tán. Bísíkíìtì tí ọmọbìnrin ń fún un, a ò gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, a ní kó má kọjá ìdá kan nínú mẹ́wàá kálórì ọjọ́ kan, a sì dín ti ike kù. Ìgbẹ́ dì láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Lílé iye ìgbà kì í ṣe lílé iye oúnjẹ, mo rò pé gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n, wọn ò mọ̀ ọ́n, àfi kéèyàn sọ ọ́ síta.

Ọ̀sẹ̀ 12, gíráàmù 1,150, wọ́n padà sí ẹ̀ẹ̀mẹrin. Èwo la yọ? Ọ̀pọ̀ èèyàn á kọ́kọ́ yọ ti alẹ́, torí òun ló ń ni wọ́n lára, kí ajá má baà tọ̀ lóru náà. Ti alẹ́ yẹn gan-an ni mi ò jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn. Ti aago 2 àbọ̀ àti 6 àbọ̀ la pa pọ̀ sí aago 4 àbọ̀, ti aago 11 wà níbẹ̀. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 17, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ti ẹ̀rọ sílẹ̀ fúnra ẹ̀, ó ń gbóòórùn ẹ̀ ó ń kọjá lọ, ara ẹ̀ le, ó ń ṣeré. Ìgbà yẹn la mọ̀ pé ó ti tó ẹ̀ẹ̀mẹ́ta: aago 6, aago 2 àbọ̀, aago 10 alẹ́. Nígbà tó wọ oṣù 7, kílò 2.4, ó di ẹ̀ẹ̀mejì. Tẹ́ ẹ bá fọwọ́ pa á níhà, ẹ máa kan egungun láìtẹ̀ ẹ́, tẹ́ ẹ bá wò ó látòkè ìbàdí wọlé díẹ̀. Ohun tí mo máa ń wò nìyẹn ju ìwọ̀n lọ.

Kẹ́nì kan má gbé ètò yìí lọ fún ajá tó máa di kílò 40. Ti àwọn yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹrin títí di oṣù 3, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta títí di oṣù 6, ẹ̀ẹ̀mejì lẹ́yìn ẹ̀, kò sábà fa ariwo, ebi òru ò ní dá wọn wó. Ewu tiwọn ni kí wọ́n yára sanra kí egungun tó gbó, tàbí kẹ́nì kan máa da kálíṣíọ̀mù lé oúnjẹ tó ti pé tẹ́lẹ̀, nígbà tí ìfun wọn ò tíì mọ bó ṣe máa ti èyí tó pọ̀ jù sẹ́yìn. Kódà tí wọ́n bá dàgbà, mi ò fẹ́ràn ká kó oúnjẹ ọjọ́ kan fún wọn lẹ́ẹ̀kan náà, inú wọn lè wú kó sì yí, ìyẹn ń pani láàárín wákàtí díẹ̀.

Níbi iṣẹ́ wa báyìí, ọmọ ajá kankan ò ní gba abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ kó lọ láìjẹ́ pé mo ti bi wọ́n léèrè. Mi ò bèèrè ẹ̀ẹ̀mélòó mọ́, torí èèyàn á kàn dárúkọ oǹkà kan. Mo máa ń ní: ẹ sọ àná fún mi, látìgbà tẹ́ ẹ jí. Aago mélòó ló jẹun gbẹ̀yìn lálẹ́ àná, aago mélòó ló jẹ àkọ́kọ́ lónìí, ó jẹ ẹ́ àbí ẹ kàn gbé e síwájú ẹ̀? Níbi tó ti wá, ṣé abọ́ máa ń ṣófo? Ta ló wà nílé lọ́sàn-án? Ta ló ń pẹ́ sùn? Ìgbà tí wọ́n bá dáhùn tán ni mo máa ń fa ìlà wákàtí 24 yẹn sẹ́yìn káàdì lójú wọn, ti alẹ́ ni mo máa ń kọ́kọ́ fàmì sí. Tí ọmọ ajá ò bá tíì pé kílò kan, mo máa ń fi nọ́ńbà fóònù wa àti ọ̀rọ̀ oyin lórí èrìgì sí ìsàlẹ̀ ẹ̀, mo sì máa ń ní kẹ́ni tó ni ín kà á síta fún mi kó tó lọ. Àwọn kan máa ń rò pé mo ń dá àsọjù. Ìyá yẹn mú àbúrò ẹ̀ wá lóṣù tó kọjá, òun náà ti ra ọmọ ajá kékeré kan, kí n tó ya ẹnu ló ti yí káàdì padà, ó ń fa ìlà.